Onílé ní kí ẹ jáde nítorí owó ilé? Bí ẹ ó ṣe ṣe é n'Ìbàdàn nìyí

Láti Agbowó títí dé Olódó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: “Onílé ní òun ò fẹ́ rí mi nínú ilé òun mọ́ bí ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí. Ṣé ó lè lé mi lóòótọ́?”

Kò lè ṣe é. Bó tilẹ̀ jẹ́ owó ọdún méjì lẹ jẹ ẹ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ ara rẹ̀ lé yín síta. Kọ́ọ̀tù ló ń pàṣẹ ìyẹn, bélífù kọ́ọ̀tù ló sì ń mú un ṣẹ. Onílé, ọmọ onílé, ájẹ́ǹtì, alága lánlọ́ọ̀dù àdúgbò, ọlọ́pàá: kò sí ẹni tó lè ṣe é nínú wọn.

Àmọ́ ẹ má tíì jó. Gbèsè ò kú. Àkókò tí òfin fún yín, ẹ fi wá owó, ẹ fi bá onílé dúnàádúrà, tàbí kí ẹ fi wá ilé mìíràn. Ẹni tó bá fi sùn, kọ́ọ̀tù ni yóò jí i.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kan àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn yín báyìí, ẹ fo ìyókù, ẹ lọ sí abala “Bí wọ́n bá ti tì yín mọ́ ìta”.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ayálégbé tí ẹ jẹ́

Bí ẹ ṣe ń san owó ni òfin fi ń mọ̀ yín. Bí ìwé àdéhùn bá dákẹ́ lórí iye ọjọ́ tí kúìtì nótíìsì (ìwé tí onílé fi ń sọ pé kí ayálégbé jáde) gbọ́dọ̀ ní, báyìí ló rí:

- Ẹni tó ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan
- Ẹni tó ń san án lóṣooṣù: oṣù kan
- Ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: oṣù mẹ́ta
- Ẹni tó ń san án lọ́dọọdún: oṣù mẹ́fà

Bí àdéhùn bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ labẹ gé. Bí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé oṣù kan ni nótíìsì yín, oṣù kan náà ni, ẹ̀ báà máa san owó lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ájẹ́ǹtì ń gbé síwájú èèyàn ló ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó ń wá ilé kì í dé.

Ohun kan tún wà tó máa ń bá èèyàn lójijì. Bí ìwé yín bá sọ pé ọdún kan péré ni, láti ọjọ́ báyìí di ọjọ́ báyìí, tí kò sì sọ nǹkan kan nípa títún un ṣe, ìyálégbé náà parí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pé. Onílé kò nílò kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà kankan. Nótíìsì ọjọ́ méje nìkan ló kù kó tó gba kọ́ọ̀tù lọ.

Ṣé ẹ kò ní ìwé rárá? Ẹ ṣì jẹ́ ayálégbé. Rìsíìtì, tiránsífà tàbí ẹ̀rí aládùúgbò tó mọ̀ pé ẹ ń sanwó lè gbè yín. Ẹni tó kàn ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan láìsan kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó gbára lé ohun tí mo kọ síbí.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Òfin ìyálégbé ti 2011 tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, ti ìpínlẹ̀ Èkó ni. L'Èkó gan-an, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ká má tíì wá sọ Mókólá.

## Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó gbé, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ kó ẹ̀rí jọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

- Ìwé àdéhùn
- Gbogbo rìsíìtì owó ilé, àti ti owó kọ́ṣọ̀n (owó tí onílé gbà pamọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́) bí ẹ bá san án
- Àkọsílẹ̀ báńkì tó fi tiránsífà hàn
- Ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ èyíkéyìí láti ọ̀dọ̀ onílé tàbí ájẹ́ǹtì
- Àwòrán inú ilé àti ẹrù yín, kí ọjọ́ tí ẹ yà á hàn

Ẹ má pa WhatsApp rẹ́, kódà èyí tí ẹ ti fi ìbínú sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀tù lè gba ohun tó wà nínú fóònù, àmọ́ ó ní ìwé ìjẹ́rìí kan tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Lọ́yà yín mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ yẹ nótíìsì náà wò. Ta ló fọwọ́ sí i? Bó bá jẹ́ ájẹ́ǹtì tàbí lọ́yà, ẹ béèrè ìwé tí onílé fi yan án. Ọjọ́ wo ni wọ́n fún yín, ọjọ́ wo ló sì parí? Fún ayálégbé ọdọọdún tí àdéhùn rẹ̀ kò sọ ohun mìíràn, òpin ọdún ìyálégbé ni nótíìsì gbọ́dọ̀ parí sí. Ẹni tí ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ọjọ́ 31 oṣù kìíní ló yẹ kí tirẹ̀ parí.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ pa á mọ́ fún lọ́yà yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òrùlé. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé ayálégbé tí kò sanwó kò lè máa fi àbùkù inú nótíìsì sá pamọ́ títí. Wọ́n ní bí onílé bá ti pe ẹjọ́, tí ìwé ìpè sì ti dé ọwọ́ ayálégbé, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti tó nótíìsì. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé “nótíìsì wọn ò dáa, ẹ jókòó sílé yín”, òfin àtijọ́ ló ń kà.

Ẹ má kọ̀ láti gba ìwé náà, ẹ má sì fà á ya. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yín, wọ́n á yà á ní fọ́tò, ìyẹn náà ti tó. Ẹ gbà á, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí i lẹ́yìn. Gbígbà á kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà láti jáde.

3. Ẹ fèsì lákọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán tó. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ọ̀rọ̀ yín sì ṣe tààrà. Àpẹẹrẹ rèé, ẹ yí i padà bó bá ṣe bá tiyín mu:

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Mo rí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù yìí. ₦150,000 ni mo jẹ yín, ti oṣù keje sí oṣù kejìlá. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n san ₦50,000 ní ìparí oṣù yìí, kí n wá san ìyókù ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ti àfikún owó ilé tí ẹ sọ, n kò tíì gbà sí i. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́. Ẹ ó pẹ́ fún wa, sà.”

Iye tó dá yín lójú pé ẹ jẹ nìkan ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, wọ́n lè gbé e jáde ní kọ́ọ̀tù.

4. Ẹ san èyí tí kò sí ìjà lórí rẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹ dá gbogbo owó dúró nítorí àfikún tí ẹ kò gbà. Ó ń ba ẹjọ́ yín jẹ́. Ẹ san owó àtijọ́ nípa tiránsífà, kí ẹ sì kọ ohun tó wà fún síbẹ̀: “Owó ilé, oṣù keje sí oṣù kejìlá 2025”. Bí onílé bá dá owó náà padà, ẹ fi ẹ̀rí ìdápadà pamọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí owó náà wà níbi tí ọwọ́ yín kò ní tètè kàn án.

Bí onílé bá gba owó lẹ́yìn tí nótíìsì ti parí, ẹ wo ohun tó wà lórí rìsíìtì. “Owó ilé” lè fi hàn pé ó ti jẹ́ kí ìyálégbé máa bá a lọ. Lọ́yà onílé tó bá gbọ́n á kọ ọ́ pé owó ìlò ilé títí ẹ ó fi jáde ni. Ìyàtọ̀ kékeré, àmọ́ ó ti yí ẹjọ́ padà rí.

5. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín dá sí i. Àgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ àdúgbò, ló máa ń yanjú rẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù náà lè dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Multi-Door Courthouse ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà n'Ìbàdàn fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, níbi tí alárinà tó mọṣẹ́ á ti jókòó ti ẹ̀yin méjèèjì. Ibi yòówù kí ẹ parí rẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ọjọ́ tí ẹ ó san án, ọjọ́ tí ẹ ó jáde bí ẹ ó bá jáde, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.

6. Nótíìsì ọjọ́ méje. Lẹ́yìn tí kúìtì nótíìsì bá parí tí ẹ ṣì wà nílé, onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé mìíràn pé òun ń gba kọ́ọ̀tù lọ láti gba ilé òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ méje yìí ni wọ́n fún wọn láti kó jáde, wọ́n á fi ìpayà ta fíríìjì. Rárá o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìwé ìpè ń bọ̀. Ọjọ́ méje yìí ni kí ẹ fi rí lọ́yà.

7. Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ilé ẹjọ́ Májísíréètì ló máa ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ sì máa ń mú un lọ sí Ìyágankú. Ìwé ìpè ni yóò sọ kọ́ọ̀tù tó jẹ́ tiyín, torí náà ẹ kà á dáadáa. Ẹ má kàn dé Ìyágankú kí ẹ máa bi ẹni tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ kò bá lọ, wọ́n lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn yín.

Ẹ lè gba ẹnu ara yín sọ̀rọ̀ láìní lọ́yà. Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́ọ̀tù ń lò, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ Yorùbá kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kó ojúlówó ìwé yín àti ẹ̀dà wọn dání. Bó bá jẹ́ pé ẹ jẹ owó lóòótọ́, ohun tó dáa jù tí ẹ lè béèrè ni àkókò àti sísan án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sọ iye oṣù tí ẹ fẹ́ pàtó. Májísíréètì tó rí i pé ẹ ti ń san díẹ̀díẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ á fetí sí yín ju ẹni tó ń sunkún lọ.

8. Lẹ́yìn ìdájọ́. Onílé tó jàre kò tíì lè wọlé wá kó ẹrù yín. Yóò gba ìwé àṣẹ, bélífù ni yóò sì wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọlọ́pàá. Bí bélífù bá dé tòun ti ìwé yìí, ẹ má bá a jà. Ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kí ẹ sì bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n dá ìdájọ́ náà dúró ná, àmọ́ kíákíá ni.

## Bó bá jẹ́ àfikún owó ilé ló fa ìjà

Èyí ló pọ̀ jù báyìí. Bàbá onílé á fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀, ₦300,000 ti di ₦500,000.

Owó tí ẹ ti san fún ọdún kan, kò lè fi kún un láàárín ọdún náà, àfi tí àdéhùn bá gbà á láyè. Àfikún fún ọdún tó ń bọ̀ náà, àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì ló ń sọ ọ́ di owó ilé. Lẹ́tà onílé nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́, tí ẹ ń gbé níbẹ̀ lọ, wọ́n lè sọ pé dídákẹ́ yín ni gbígbà yín. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kẹta fi ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti fún yín ní kúìtì nótíìsì. Kò pọn dandan kó sọ ìdí fún ayálégbé ọdọọdún. Torí náà, kí ẹ tó fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ kò san, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba irú ilé yín ládùúgbò náà. Bó bá jẹ́ pé gbogbo Àpẹtẹ̀ ti kọjá ₦500,000, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi kún un ní ìpele méjì: díẹ̀ lọ́dún yìí, ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ìkẹ́rù, kọ́míṣọ̀n ájẹ́ǹtì àti agiríméǹtì ilé tuntun lè ju àfikún náà lọ. Ẹ fi bírò ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Owó tí ẹ fi tún kànga tàbí òrùlé ṣe ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ nínú owó ilé láìjẹ́ pé onílé ti gbà lákọsílẹ̀ ṣáájú.

## Ilé ẹbí: onílé kú, àwọn ọmọ ń jà

Ìbàdàn wa ni. Bàbá tó gbà yín sílé ti re ibi àgbà ń rè. Ọmọ àkọ́bí ní òun ni kí ẹ máa sanwó fún. Ọmọ ìyàwó kejì ní ẹni tó bá san án fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san án. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn á ní ẹ jẹ gbèsè, kí ẹ jáde.

1. Ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ kọ̀wé kan náà sí gbogbo wọn pé owó wà nílẹ̀, ẹ fẹ́ mọ ẹni tí ẹ ó san án fún.
2. Ẹ béèrè ìwé. Bí bàbá bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn tó yàn síbẹ̀ ló ni àṣẹ. Bí kò bá ṣe é, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún tí ilé ẹjọ́ gíga ń fúnni. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ìwé tí mọ́gàjí àti àwọn aṣojú ọmọ fọwọ́ sí ni kí ẹ gbà.
3. Ẹ fi owó náà sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì ná an. Bí wọn kò bá parí ìjà, lọ́yà lè bẹ kọ́ọ̀tù pé kó gba owó náà sọ́wọ́ títí wọn ó fi mọ ẹni tó ni ín.
4. Kúìtì nótíìsì láti ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí kò ní àṣẹ àwọn tó kù: ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí ẹ tó fèsì.

Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ta ilé náà, ẹni tó rà á ti bọ́ sí bàtà onílé àtijọ́. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù fún yín ṣì jẹ́ tiyín, òun náà yóò sì fún yín ní nótíìsì.

## Bí wọ́n bá ti tì yín mọ́ ìta

Yíyọ ilẹ̀kùn, ṣíṣí páànù, gígé wáyà iná, kíkó ẹrù síta, kíkan àgádágodo: kò bófin mu, ẹ jẹ gbèsè o, ẹ kò jẹ o. Ẹ lè gba owó gbà-má-bínú lórí rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù.

1. Ẹ má já àgádágodo, ẹ má sì na ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fídíò, ẹ pe aládùúgbò méjì wá wò ó.
2. Ẹ lọ sí tésàn ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín. Ẹ má sọ pé owó ilé ló gbé yín wá. Ẹ sọ pé wọ́n ba nǹkan yín jẹ́, wọ́n kó ẹrù yín, tàbí wọ́n fi ìjà wọlé tọ̀ yín. Ìyẹn ni iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ fi ẹjọ́ sùn.
3. Ẹ kọ gbogbo ohun tó sọnù tàbí tó bàjẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú iye owó wọn.
4. Ẹ rí lọ́yà kíákíá kó lè gba àṣẹ kọ́ọ̀tù tó máa dá yín padà sínú ilé.
5. Owó òtẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀, owó ibi tí ẹ kó ẹrù pamọ́ sí: ẹ gba rìsíìtì gbogbo wọn.

Bó bá jẹ́ pé IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ló gé iná nítorí bíìlì tí ẹ̀yin kò san, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé.

## Bí onílé bá fi ọlọ́pàá mú yín

Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí ìjà lásán lórí owó tàbí àdéhùn. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù: “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ owó ilé ni, kọ́ọ̀tù la ó ti sọ ọ́.” Ohun tó máa ń ṣàkóbá fún èèyàn ní tésàn ni ìwé tí wọ́n á ní kí ẹ kọ pé ẹ ó jáde lọ́jọ́ báyìí. Ẹ má fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fún onílé ní ṣẹ́ẹ̀kì tí owó kò sí nídìí rẹ̀. Ìyẹn ọ̀ràn ni, ọlọ́pàá lè mú yín fún un.

## Ibi tí ẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́ láìná owó púpọ̀

Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà, ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ (₦70,000 láti 2024) ni wọ́n dìídì wà fún, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè bí tiyín bá lé díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ẹ̀ka Ìbàdàn, náà lè júwe lọ́yà tó máa ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́wọ́.

## Bí ẹ bá pinnu láti kó jáde

Nígbà mìíràn, òun ló mọ́gbọ́n dání jù. Ẹ lo nótíìsì tó wà nílẹ̀ láti fi bá onílé dúnàádúrà: ẹ ó jáde ṣáájú ọjọ́, kí ó fi díẹ̀ nínú gbèsè ọ̀hún jì yín. Ọ̀pọ̀ onílé á gbà, torí àwọn náà kò fẹ́ máa lọ máa bọ̀ ní kọ́ọ̀tù.

- Ẹ ya fídíò gbogbo yàrá lẹ́yìn tí ẹ bá kẹ́rù tán
- Ẹ ya òǹkà mítà iná, kí ẹ sì san bíìlì tó bá jẹ́ tiyín
- Ẹ kọ iye gbèsè tó ṣẹ́kù àti ọjọ́ tí ẹ ó san án, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i
- Ẹ béèrè owó kọ́ṣọ̀n lákọsílẹ̀
- Ẹ fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ kékeré tó ń ṣeré lójúde, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà á ní ọjọ́ báyìí. Títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá kúrò lọ́wọ́ yín, wọ́n lè máa ka owó ilé sí yín lọ́rùn.